ỌMỌ ORÍÒKÈ-ÌWÀMÍMỌ́ DÉ YUNIFÁSÍTÌ: TA NI YÓÒ DÀ?

Owó ẹja ló gbé e débẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà ni yóò gbé e padà wálé

Bí àlejò bá gbọ́ orúkọ Oríòkè-Ìwàmímọ́, yóò kọ́kọ́ rò pé òkè gíga kan ń bẹ níbẹ̀ tí àwọn èèyàn ń gùn. Rárá o! Etíkun Ìlàjẹ ni, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹrẹ̀ lọ́tùn-ún, omi lósì. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń ṣe ẹsẹ̀, omi ni wọ́n fi ń ṣe oko. Ìwà ni èèyàn ń gùn lórí òkè yẹn, kì í ṣe òkúta.

Orúkọ ńlá nìyẹn fún ọmọ láti gbé kiri. Bí wọ́n bá bi ọmọ náà léèrè nílùú òyìnbó pé, "Níbo lo ti wá?", yóò ní, "Oríòkè-Ìwàmímọ́." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti dá ara rẹ̀ ní gbèsè. Gbogbo ojú á máa wò ó bóyá ìwà rẹ̀ bá orúkọ ìlú rẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan fi ṣe àpẹẹrẹ. A ò ní fún un lórúkọ, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ ní gbogbo etíkun yẹn, ó sì pọ̀ ní Mùṣin, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Adó-Èkìtì. Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja, bàbá rẹ̀ ń kan ọkọ̀. Ọmọ náà yege ìdánwò JAMB, yunifásítì sì gbà á. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, wọ́n gbàdúrà fún un, ìyá rẹ̀ di ẹja gbígbẹ àti gààrí sínú àpò, ó sì sìn ín dé Igbókòdá nínú ọkọ̀ ojú omi. Ibẹ̀ lọmọ ti máa wọ mọ́tò. Kí mọ́tò tó gbéra, ìyá na ọwọ́ wọ ojú fèrèsé, ó ní: "Ọmọ mi, rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe o!"

Gbogbo ìyá Yorùbá ló ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Báwo lọmọ ṣe ń rántí ọmọ ẹni tó ń ṣe, níbi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni tó mọ ọmọ ẹni tó ń ṣe? Ohun tí ọ̀rọ̀ tòní dá lé lórí gan-an nìyẹn.

NÍLÉ, ÌLÚ LÓ Ń BÁ ỌMỌ YÀN ÁN

Nílé, ọmọ kì í dá yan ẹni tí yóò dà. Bó bá jí pẹ́, aládùúgbò á bú u. Bó bá jalè ẹja kan ṣoṣo, kó tó dalẹ́, ìyá rẹ̀ àgbà ti gbọ́. Bí bàbá rẹ̀ bá ń kan ọkọ̀, òun náà á di òòlù mú kí irùngbọ̀n tó hù.

Ní 1947, àwọn onígbàgbọ́ Aládùúrà kan dá Ayétòrò sílẹ̀ ní etíkun Ìlàjẹ yìí kan náà. Àpawọ́pọ̀ ni wọ́n fi ìlú náà ṣe. Ẹni tó ń pẹja, ẹni tó ń hun aṣọ, ẹni tó ń ran bàtà, ẹni tó ń kan ọkọ̀, àpò kan náà ni èrè gbogbo wọn ń bọ́ sí. Ìlú ló ń bọ́ wọn, ìlú ló ń daṣọ bò wọ́n. Òkìkí wọn kàn dé òkè òkun. Ọmọ Ayétòrò ayé ìgbà náà kò ní jókòó máa ronú pé, "Kí lèmi máa dà?" Àwọn àgbà ti mọ ibi tí iṣẹ́ wà, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ọmọ sí. Ní nǹkan bí 1968 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, tí kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ní dúkìá tirẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ náà mọ irú ètò bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ yín, ojú yín ló ń gbé. Ẹ mọ ìgbà tó dé, ẹ mọ ìgbà tó lọ. Bó bá gé aṣọ oníbàárà bà jẹ́, ẹ ó bá a wí, ẹ ó sì bá a tún un ṣe. Nígbà tó bá tó àsìkò, ẹ ó ṣe fírídọ̀mù fún un, ẹ ó gbàdúrà, ẹ ó jẹ́rìí níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé ọmọ yìí mọ iṣẹ́, ó sì mọ ìwà hù.

Ní yunifásítì ńkọ́? Tíṣà ń jẹ́rìí pé ọmọ mọ ìwé. Lóòótọ́, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí pé ó mọ ìwé, ó sì níwà. Ṣùgbọ́n ta ló ń wo ìwà náà? Olùkọ́ tó ń kọ́ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọmọ nínú yàrá kan kò lè mọ èyí tó sùn síta lánàá.

ÀWỌN TÓ KANLẸ̀KÙN LỌ́SẸ̀ ÀKỌ́KỌ́

Ọmọ wa dé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ kìíní, ariwo. Ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárò ilé. Kò sẹ́ni tó ń jí i. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé ṣé ó ti jẹun. Òmìnira dé, ṣùgbọ́n òmìnira tí èèyàn kò mọ̀ ọ́n lò, bí ọkọ̀ tí kò ní àjẹ̀ ló rí: ibi tí omi bá fẹ́ ló ń gbé e lọ.

Kò pẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn. Àwọn ọmọ ìjọ ló kọ́kọ́ dé, wọ́n ní kó wá síbi àdúrà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ dé, wọ́n ní kó wá gbọ́ ìpàdé. Èyí tó wọ bàtà tó ń dán dé, ó ra ìrẹsì àti ẹran fún un, ó ní, "Ṣé o ò ní ẹ̀gbọ́n níbí? Máa wò mí bí ẹ̀gbọ́n rẹ." Ẹlòmíràn dé pẹ̀lú fóònù olówó ńlá, ó ní ìwé kíkà kò lówó nínú, ó ní bí wọ́n ṣe ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu òyìnbó ní jìbìtì nìyí.

Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin ni, àlejò tirẹ̀ tún yàtọ̀. Ọkùnrin tó tó bàbá rẹ̀ ẹ́ bí á gbé mọ́tò dúró sẹ́nu géètì. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá á ní, "Ṣé wàá máa jẹ gààrí títí wàá fi parí ni?" Ọmọ náà á wo bàtà ọ̀rẹ́ rẹ̀, á wo tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn tó kanlẹ̀kùn yìí ń sọ: "Wá dà bí tèmi." Ebi àti àárò ilé ló sì sábà máa ń dá wọn lóhùn, kì í ṣe ọgbọ́n. Ìyá ọmọ tí kò fowó ránṣẹ́ fún oṣù méjì, tí kò sì pè, kó mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń fún ọmọ òun lóúnjẹ, ẹni náà kò sì ní ṣàì gba owó rẹ̀ padà.

ÀWỌN MÉJE TI 1952

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tòní. Ní 1952, ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ọmọ ọdún méjìdínlógún kan láti Abẹ́òkúta wà láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọlé Ṣóyínká lorúkọ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rin ni, torí 1948 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń ṣe bí òyìnbó, wọ́n ń fi ẹ̀yà àti ọlá bàbá yan ara wọn ní ọ̀rẹ́.

Òun àti àwọn mẹ́fà mìíràn wò ó, wọ́n ní àwọn ò ní dà bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n pe ara wọn ní Pyrates, ìyẹn àwọn ọlọ́ṣà ojú òkun. Wọ́n ń wọṣọ bí atukọ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fi àwọn onígbèéraga ṣe yẹ̀yẹ́. Eré ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nínú eré náà. Wọ́n ń wá irú èèyàn tí àwọn fẹ́ dà.

Kí ni wọ́n sì dà? Ṣóyínká di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ìwé kíkọ, ní 1986. Olúmúyìwá Awẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ físíìsì. Ralph Opara di gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ rédíò. Ẹgbẹ́ kan náà, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀la dé. Àwọn kan ya kúrò lára ẹgbẹ́ náà, àwọn mìíràn wò ó dá tiwọn sílẹ̀. Nígbà tó fi di ọdún 1980 sí 1989, ìbọn àti àáké ti wọ inú ọ̀rọ̀. Àwọn Pyrates fúnra wọn kéde ní 1984 pé àwọn kúrò ní gbogbo ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Nígbà yẹn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ohun tí ọmọ méje fi ṣe ẹ̀fẹ̀ láti fi bá ìgbéraga jà ti di ohun tí ọmọ ọlọ́mọ ń fi pa ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ wò ó dáadáa. Orúkọ ẹgbẹ́ kò gba ẹnikẹ́ni là. Orúkọ ìlú náà kò sì lè gbani. Ọmọ lè ti Oríòkè-Ìwàmímọ́ wá kó lọ di ọmọ ìsàlẹ̀ ìwà burúkú, bí kò bá yan ìwà náà fúnra rẹ̀.

ÒRU ỌJỌ́ 10 OṢÙ KEJE, 1999

Ẹnikẹ́ni tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1999 kò lè gbàgbé. Òru mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù Keje ni. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn fi aṣọ bojú, wọ́n gbé ìbọn àti àáké, wọ́n wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ́ Awólọ́wọ̀ Họ́ọ̀lù, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Orúkọ àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè bí wọ́n ti ń lọ láti yàrá dé yàrá. Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ.

Ọ̀kan nínú wọn ni George Iwilade, tí gbogbo ọgbà ń pè ní Áfíríkà. Akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni, ìmọ̀ òfin ló sì ń kọ́. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ akọ̀wé rẹ̀ kò fara mọ́ ẹgbẹ́ òkùnkùn rárá, wọ́n sì ń gbé ohùn sókè sí i. Ìdí tí wọ́n fi wá a wá nìyẹn.

Nínú òru yẹn, ọ̀nà méjì ni ọmọ Nàìjíríà rìn nínú ọgbà kan ṣoṣo. Áfíríkà ní ìyá. Àwọn tó bojú náà ní ìyá. Ó ṣeé ṣe kí ìyá àwọn náà ti na ọwọ́ wọ ojú fèrèsé mọ́tò, kó ní, "Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe." Ọjọ́ tí wọ́n jẹ ìrẹsì ẹni tí wọn kò mọ̀, wọn kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀nà náà yóò já sí. Díẹ̀díẹ̀ ni. Lónìí, ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́. Lọ́la, ìbúra lóru. Àgùntàn tó bá ajá rìn, kò ní ṣàì jẹ ìgbẹ́.

ẸNI TÍ WỌ́N LÉ, TÍ KÒ SỌNÙ

Ó yẹ ká sọ èyí tó dùn díẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 1978, owó oúnjẹ àti owó ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sókè. Ahmadu Ali, ọ̀gá ológun, ni kọmíṣánnà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tú síta káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n ń pariwo pé kí Ali máa lọ. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ àgbà fi ń rántí "Ali Must Go". Ọlọ́pàá yìnbọn, ẹ̀mí sì bọ́.

Ṣẹ́gun Òkéowó ni olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo Nàìjíríà nígbà náà, Yunifásítì Èkó ló sì ti ń kàwé. Wọ́n lé e kúrò nílé ẹ̀kọ́. Ẹ fojú inú wò ó: kí wọ́n lé ọmọ yín lẹ́yìn gbogbo ìnáwó! Ẹlòmíràn á bínú di jàǹdùkú, ẹlòmíràn á ta ara rẹ̀ fún olóṣèlú. Òkéowó lọ parí ìwé rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tó kú ní 2014, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń rántí ariwo 1978, wọ́n sì ń rántí tíṣà náà.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ìyà kò yí i padà. Wọ́n gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò rí ìwà gbà. Ẹni tó ti mọ ẹni tóun jẹ́, bí omi gbé e, kò ní gbé e sọnù.

Ẹ̀YIN ÒBÍ, Ọ̀RỌ̀ KÀN YÍN O

Ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru ọmọ. Òbí mìíràn ló ń ti ọmọ sí kòtò. "Dókítà lo máa ṣe!" "Lọ́yà ni mo fẹ́!" Ọmọ náà ń bẹ̀rù nọ́ńbà, wọ́n ní kó lọ ṣe ẹnjiníà. Nígbà tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, ojú á tì í láti sọ nílé. Irọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tó ti ń purọ́ fún ìyá rẹ̀ nítorí èsì ìdánwò, ọwọ́ àwọn tó ń kanlẹ̀kùn lóru kò ní ṣòro bọ́ sí.

Ẹ wo Olúṣẹ́gun Àgágù, ọmọ Ìjù-Òdo nílẹ̀ Ìkálẹ̀, tí wọ́n bí ní 1948. Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ pààlà ni. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta ló kà ní Ìbàdàn, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọ ìṣèlú, ó di mínísítà, ó di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 2003 sí 2009. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ yunifásítì tó wà ní Òkìtìpupa, tó sún mọ́ ọmọ Ìlàjẹ jù lọ lónìí. Ohun tó kà kọ́ ni gbogbo ohun tó ṣe láyé. Nítorí náà, ẹ má ṣe pa ọmọ nítorí orúkọ ẹ̀kọ́. Télọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò lè parí sídìí agbádá, tó bá ṣáà ti mọ abẹ́rẹ́ dì mú.

Àwọn nǹkan wo ló wà lọ́wọ́ òbí? Ẹ máa pe ọmọ, kì í ṣe láti béèrè èsì ìdánwò nìkan. Ẹ bi í pé, "Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ? Ta lò ń bá jẹun?" Ẹ sọ iye tí ẹ ní fún un gan-an, kó má baà rò pé ẹ ń fi owó pamọ́. Bẹ́ ẹ bá rí bàtà tàbí fóònù tówó yín kò lè rà, ẹ má ṣe yọ̀ mọ́ ọn, ẹ béèrè ibi tó ti wá. Ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé bó bá ṣìṣe, ilé ṣì wà. Ọmọ tó mọ̀ pé òun lè padà wálé kò ní tìtorí ìbẹ̀rù sá wọ inú òkùnkùn.

ỌJỌ́ TÍ ÌYÁ GBÉ ẸJA DÉ

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ọdún kejì nìyí. Ìyá ọmọ wa kò gbúròó rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó bá di agbọ̀n ẹja yíyan, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó wọ mọ́tò, ó dé ọgbà yunifásítì. Òórùn èéfín ń bẹ lára aṣọ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn Ìlàjẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ tó wọṣọ mèremère wà lọ́dọ̀ ọmọ náà, wọ́n yíjú wò.

Ọ̀rọ̀ dé orí ọmọ wa. Bó bá ní, "Ẹnì kan láti abúlé wa ni," ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn lórí ẹni tí yóò dà. Ìwé ẹ̀rí tó bá gbà lẹ́yìn ọjọ́ náà, bébà lásán ni. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ.

Ṣùgbọ́n bó bá dìde, tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú wọn, tó gba agbọ̀n lórí ìyá rẹ̀, tó ní, "Màmá mi rèé o. Ẹja yìí ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ mi, ẹ wá jẹ níbẹ̀," ọmọ náà ti gba fírídọ̀mù. Kò sí tíṣà níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń fi máàkì sí i. Òun ló yàn án fúnra rẹ̀, lójú àwọn tó ń bẹ̀rù pé kí wọ́n má fi òun ṣẹ̀sín.

Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n wọ aṣọ gbọọrọ àti fìlà onígun mẹ́rin ni ọmọ ń di èèyàn. Irú ọjọ́ báwọ̀nyí ni. Òkè tó wà ní Oríòkè-Ìwàmímọ́ nìyẹn, ẹsẹ̀ onítọ̀hún ni yóò fi gùn ún.

Kí Ọlọ́run bá wa wo ọmọ wa tó wà lókèèrè. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní yunifásítì tàbí tó ti parí: bí ọmọ yín bá wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, kí lẹ rò pé yóò sọ? Ojú ìwé lẹ́tà ń retí èsì yín.